Kí A Tó Wọkọ̀ Lọ sí Sàró: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orúkọ yín ti wọ ìwé àwọn arìnrìnàjò, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìnàjò ọlọ́sẹ̀ méjì tí ìjọ wa fẹ́ rìn lọ sí Freetown ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, ìlú tí àwọn baba wa mọ̀ sí Sàró. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ìjọ rin irú ìrìnàjò báyìí nílé àti lẹ́yìn odi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, mo sì fẹ́ kí ó wọ̀ wá lára kí a tó san kọ́bọ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì: bí kì í bá ṣe àwọn onílé ló pè wá, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti padà, kí a jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ yìí le lẹ́nu, mo mọ̀, nítorí a ti ń dáwó fún ìrìnàjò yìí láti ọdún tó kọjá, inú àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti dùn sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ bí ó ti rí láti jẹ́ ẹni tí a gbé ìhìnrere wá bá. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Wesley, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843 ni Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Abẹ́òkúta. Nígbà tó fi di 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti ń gbé ní Ìbàdàn. Ní gbogbo àkókò yìí, Ìjẹ̀bú kò ṣílẹ̀kùn fún òyìnbó oníwàásù kankan láti wá tẹ̀dó. Àwọn kan a máa fi èyí bú àwọn baba wa bí ẹni pé òkùnkùn ló bò wọ́n lójú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà tí ọjà ń gbà láti etí ọ̀sà lọ sí òkè wà, wọ́n sì ti ṣàkíyèsí pé ibi tí òyìnbó oníwàásù bá ti wọ̀, òyìnbó oníjọba kì í pẹ́ dé. Ojú wọn ló ṣe nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ẹni tó bá rí irú èyí tí kò fura, òun ló yẹ kí a bú. Ní oṣù Èbìbí 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde yìí. Ìbọn ló ṣílẹ̀kùn náà, kò sì yẹ kí a máa yí i po nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìjọ fún àwọn ọmọ wa.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun yẹn, láàárín ọdún tí kò pọ̀, Ìjẹ̀bú di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ẹ̀sìn Kristi ti gbilẹ̀ kíákíá jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ta ló ṣiṣẹ́ yìí? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ń ṣòwò ní Èkó, tí wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà níbẹ̀, ló kó o wálé fún àwọn ará ilé wọn. Alúfáà James Johnson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, tó jẹ́ alúfáà ìjọ Breadfruit ní Èkó, fi ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ṣe ẹrù ara rẹ̀. Àwọn tíṣà ìjọ tó wá ń gbé láàárín ìlú, tí wọ́n ń jẹ ohun tí ìlú ń jẹ, tí wọ́n ń sin òkú pẹ̀lú wọn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní A B D, àwọn ni iṣẹ́ náà dúró lé lórí. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Rẹ́mọ, ọdún 1896 ni baba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ìgbàgbọ́, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Irú àwọn ènìyàn báyìí kò sí nínú àwòrán tí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wọn, síbẹ̀ ilé wọn ni ìjọ ti dàgbà.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí kan náà tó yẹ kí a wò fínnífínní, nítorí ó kan ìrìnàjò ọlọ́jọ́ kúkúrú gan-an. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ kan ní St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ fún àdúrà. Joseph Ṣàdáre ló ṣáájú wọn. Tíṣà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì sì wà lára àwọn tí ohùn wọn ró jù lọ láàárín wọn. Ẹgbẹ́ yìí ni a mọ̀ sí Precious Stone. Nígbà tó yá, ìwé ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ̀wé sí wọn, àwọn náà fèsì, ẹ̀kọ́ sì ń gba inú àpò ìwé wọlé. Ìjọ Philadelphia yẹn kò rán ẹnì kankan wá jókòó tì wọ́n. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà ń gbòòrò láti Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, sí Ìbàdàn, sí Iléṣà, lórí ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń gbé láti ìlú kan dé òmíràn àti lórí ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò.

Ní 1930 ni ìsọjí ńlá ti Òkè-Oòyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà lọ́wọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ìjọba amúnisìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wo gbogbo wọn. Ìgbà náà ni àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní Bìrìtìkó pé kí wọ́n wá wò wọ́n. Ọkùnrin mẹ́ta wá ní 1931, D. P. Williams jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọn kò pẹ́. Wọ́n bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, wọ́n rí ohun tí Ọlọ́run ti ń ṣe kí wọ́n tó dé, wọ́n gbọ́wọ́ lé àwọn aṣáájú lórí, wọ́n sì padà sí ilé wọn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rán George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé. Bí ẹ bá bi mí pé ìrìnàjò kúkúrú wo ló ṣe ìjọ ilẹ̀ wa láǹfààní jù lọ, èyí ni n ó mú. Kì í ṣe nítorí pé àwọn àlejò náà gbọ́n ju àwọn mìíràn lọ. Lẹ́tà ló pè wọ́n. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Àwọn tó ni iṣẹ́ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n sì lọ, iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àárín àwọn àlejò tó wá gbé àti àwọn onílé ti dàrú, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó dà á rú sì ni oògùn kuníìnì: àwọn òyìnbó ń lò ó fún ibà, àwọn onílé sì gbà pé ẹni tó bá gba Jésù ní Oníwòsàn kò gbọdọ̀ fi oògùn kún un. Wọ́n pínyà, láti inú ìpínyà yẹn sì ni Christ Apostolic Church ti gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gbẹ́ tí mo wà lórí ọ̀rọ̀ kuníìnì. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ohun tó tóbi tó báyẹn kò jẹ́ ohun tí wọ́n jọ jókòó sọ kedere kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù. Kò sí ìwà ìkà lọ́dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Ìfẹ́ wà, ìtara wà, àdúrà pọ̀ gan-an, àmọ́ wọn kò tètè bi ara wọn.

Nísinsìnyí, àwọn wo ni a ń lọ bá? Mo gbọ́ tí ẹnì kan gbàdúrà nínú ìpàdé wa pé kí Olúwa lo ẹgbẹ́ wa láti tan ìmọ́lẹ̀ sí Sàró. Mo ṣe Àmín, nítorí kò sí ìlú tí kò nílò ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti wá bá wa. Ní 1804 ni CMS ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Sierra Leone. Nígbà tí Ìmàgbọ̀n ṣẹlẹ̀, ìjọ Freetown ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1807 pé kí òwò ẹrú dúró, ọkọ̀ ojú omi wọn a máa gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n a sì kó wọn sọ̀kalẹ̀ ní Freetown. Àjàyí tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821 gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Nígbà tí wọ́n dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ibẹ̀ ni ẹni tó léwájú nínú títú Bíbélì sí èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ yìí ti kọ́ ìwé. Títí dòní, àwọn ọmọ Krio ní Freetown, ìran àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀, ṣì ń ṣe komojade fún ọmọ tuntun, wọ́n ń ṣe awujoh ní ìrántí òkú wọn, wọ́n ń din àkàrà níbẹ̀, ẹgbẹ́ eégún àti ẹgbẹ́ ọdẹ tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sì wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún wa nínú ìgbàgbọ́. Bí àbúrò bá lọ kí ẹ̀gbọ́n, kì í gun àga ìwàásù kó tó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n sì ti rí ohun tí ojú wa kò tíì rí. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ láti 1991 títí di 2002. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1999 àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ inú Freetown fúnra rẹ̀, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn mìíràn. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ, tó jà fún ìlú náà, nítorí náà orúkọ orílẹ̀-èdè wa kò ṣàjèjì ní etí wọn. Àìsàn Èbólà tún wọlé ní 2014, ó sì pa 3,956 ènìyàn ní Sierra Leone nìkan kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2016. Àwọn tí ẹ bá pàdé níbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kọ́ lọ́rùn, ẹ rántí pé ìgbà kan wà tí òfin ìlú kọ̀ fún wọn láti bọ ara wọn lọ́wọ́ nínú ilé Ọlọ́run, tí wọn kò sì gbọdọ̀ wẹ òkú ìyá wọn. Ẹnì kan tí kò tíì sin òkú rẹ̀ bó ṣe fẹ́ kò nílò kí ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún láti Ìjẹ̀bú wá fi ẹsẹ Bíbélì kan tù ú nínú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bóyá ohun tó fẹ́ ni kí ẹnì kan jókòó gbọ́.

Lórí oṣù tí a yàn, mo ní láti sọ̀rọ̀ tààrà. Oṣù Ògún ni wọ́n kọ sínú ìwé ètò wa, ìdí rẹ̀ sì yé mi: iléèwé ti gba ìsinmi, àwọn tíṣà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ráyè, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń fún ènìyàn ní ìsinmi nígbà náà. Níhìn-ín, òjò a tilẹ̀ máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Ògún. Ní Freetown kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Agẹmọ àti Ògún ni òjò wọn le jù lọ láàárín ọdún, ìlú náà sì wà lórí òkè àti ní ẹsẹ̀ òkè. Ọjọ́ 14 oṣù Ògún 2017 ni òkè ya lulẹ̀ ní apá Regent lẹ́yìn òjò alágbára, ó bo ilé mọ́lẹ̀, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ sì lé ní 1,000. Àwọn ará ìjọ tí a fẹ́ lọ bá yóò máa wá ibi tí wọn yóò gbé ọmọ wọn sá sí lọ́wọ́ òjò ní oṣù yẹn, àwa yóò wá dé pẹ̀lú àpótí, a ó ní kí wọ́n pe ìlú jọ sí pápá. Ó yẹ kí àwọn onílé ló dá oṣù fún wa. Bí wọ́n bá ní oṣù Èrèlé, kí ẹni tó bá ráyè ní Èrèlé lọ, kí àwọn yòókù fi àdúrà tì wọ́n lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi iṣẹ́ ìwòsàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n fi èmi sí, ibẹ̀ sì ni owó ètò wa pọ̀ sí jù. Mo bá ẹgbẹ́ kan lọ sí ìhà Ìwọ̀pin nígbà kan, ní etí ọ̀sà, ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. A ta kánópì sí iwájú ilé ìjọ, a to tábìlì, èrò sì ti tò láti ìdájí. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ jókòó síwájú mi. Mo fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ga púpọ̀. Mo tún un wọn lẹ́yìn tó ti sinmi, kò wálẹ̀. A fún un ní oògùn tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbà á, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, tí ó bá tán ńkọ́? Ọwọ́ ta ni mo ti máa gbà á?" Kí n tó lanu, ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ti dáhùn. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé ìlú náà ni, òun ni olórí ẹgbẹ́ wa ti lọ bá ní oṣù méjì ṣáájú, tó ti sọ fún wa irú oògùn tí ilé ìwòsàn rẹ̀ máa ń ní kí a má bàa fún ènìyàn ní èyí tí wọn kò ní rí rà mọ́. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni, Màmá. Ẹ̀ ń kọjá níwájú wa tí ẹ bá ń lọ sọ́jà." Ó kọ orúkọ ìyá náà sínú ìwé rẹ̀, ó bi í léèrè ọmọ tó ń bá gbé, ó sì dá ọjọ́ fún un.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ ìwòsàn ìrìnàjò wà nínú ìdáhùn nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ibà. Ojoojúmọ́ ni a ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì lò ó títí ọjọ́ ayé wọn. Bákan náà ni àtọ̀gbẹ. Ẹni tí a bá fún ní oògùn ọlọ́sẹ̀ méjì, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa wò ó, a kò tíì tọ́jú rẹ̀. Ó tilẹ̀ léwu, nítorí yóò rò pé òun ti rí ìwòsàn, kò ní lọ sí ilé ìwòsàn mọ́, pàápàá bí a bá ti gbàdúrà lé oògùn náà lórí. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i nínú ìwé ètò pé a fẹ́ kó páálí oògùn láti ibí lọ sí Freetown, mo bèèrè pé ta ló béèrè fún un? Orílẹ̀-èdè náà ní àjọ tó ń rí sí oògùn, Pharmacy Board, a kò sì lè kàn kó oògùn wọlé nítorí pé ọmọ Ọlọ́run ni wá. Kò sí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ohun mìíràn tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé láti oṣù Igbe 2010 ni ìjọba wọn ti ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aláboyún, fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, àti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ètò yẹn bá ní ìṣòro ní agbègbè tí a ń lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ni yóò lè sọ fún wa bóyá ìbọ̀wọ́ ni wọ́n nílò ni, tàbí omi, tàbí ẹni tí yóò kún wọn lọ́wọ́. Bí a bá ta kánópì oògùn ọ̀fẹ́ sí òdìkejì ilé ìwòsàn wọn, tí èrò sì yà sọ́dọ̀ wa, ìtìjú ni a fi kan àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà Èbólà nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sá.

Ọ̀rọ̀ owó kò rọrùn láti sọ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú kì í bẹ̀rù ìṣirò. Lẹ́yìn tí ìjì líle Mitch ba ilé jẹ́ ní Honduras ní 1998, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìjọ láti Àríwá Amẹ́ríkà lọ síbẹ̀ láti bá wọn kọ́lé. Onímọ̀ kan tó ń gbé níbẹ̀, Kurt Ver Beek, wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kọ́lé fún àti àwọn tó wá kọ́ ọ. Ó rí i pé ẹgbẹ́ kan lè ná nǹkan bí 30,000 dọ́là, pẹ̀lú owó ọkọ̀ òfurufú, lórí ilé tí àwọn oníṣẹ́ Honduras lè fi 2,000 kọ́. Ìyàtọ̀ tó sì bá ayé àwọn tó ń gbé ilé tí àlejò kọ́ kò ju ti àwọn tó ń gbé ilé tí àwọn ará ìlú kọ́ lọ. Emi kò sọ èyí láti ní kí ẹnikẹ́ni má lọ mọ́. Àwọn ohun kan wà tí owó tí a fi ránṣẹ́ kò lè ṣe: kò lè bá ènìyàn jẹun, kò lè kọ́ orin lẹ́nu wọn, kò lè mú kí ọmọ wa mọ̀ pé ìjọ Kristi gbòòrò ju Ìjẹ̀bú lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni ìrìnàjò yìí wà fún, ẹ jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, kí a má fi orúkọ àwọn aláìní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn opó. Kí ìṣirò náà sì wà ní ojúde: èyí ni fún ọkọ̀, èyí ni fún oúnjẹ wa, èyí ni yóò dé ọwọ́ ìjọ Freetown, ọwọ́ wọn sì ni yóò dé kí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní 1959, àwọn Adventist bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 7; ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1999, ó di Yunifásítì Babcock. Kò sí ẹgbẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì tó lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì lè ran àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́, bí ó bá gbà pé olùrànlọ́wọ́ lòun.

Àwọn Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sierra Leone, wọ́n lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Freetown láti ayébáyé pàápàá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Aku tàbí Oku, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí kò yẹ kó da ọmọ Ìjẹ̀bú láàmú. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó àbúrò tó ń kírun? Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúdé Ọba, ṣé Mùsùlùmí nìkan ló ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ ni? Irú àlàáfíà yẹn wà ní Freetown, ogun gan-an kò lè bà á jẹ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí àárín ọjà, tí a ń fi ẹ̀sìn aládùúgbò wọn ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, a ó wọ ọkọ̀ padà ní ọjọ́ kẹrìnlá, ìjọ tó gbà wá lálejò ni yóò jókòó gba ẹ̀bi rẹ̀. Wàásù Kristi, ní ọ̀nà tí alúfáà ibẹ̀ bá là sílẹ̀. Ibi tó bá ní kí a má dé, kí a má dé ibẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké pọ̀, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ Sierra Leone láìgba fíísà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tì gbọdọ̀ wà, káàdì aláwọ̀ ìyeyè tó jẹ́rìí pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà gbọdọ̀ wà, òótọ́ ni kó sì jẹ́, kì í ṣe èyí tí a kàn rà láìgba abẹ́rẹ́. Ibà wà níbẹ̀ bó ti wà níbí. Kí gbogbo wa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Pápákọ̀ òfurufú wọn wà ní Lungi, ní òdìkejì omi sí ìlú, ọkọ̀ ojú omi sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ dé Freetown, nítorí náà kí a má dá àkókò ìsìn sí alẹ́ ọjọ́ tí a bá gúnlẹ̀. Lórí fọ́tò: kò sí ọmọdé kan tí a gbọdọ̀ yà láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà, a kò sì gbọdọ̀ ya aláìsàn rárá. Bí a kò bá ní fẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán ọmọ tiwa tó wà ní ìhòòhò sórí Facebook ní ìlú ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ yìí fún ni lẹ́tà kan. Kì í ṣe lẹ́tà tí a fi ń sọ fún wọn pé à ń bọ̀; lẹ́tà tí a fi ń béèrè ni, kí alúfáà wa àti alàgbà kan fọwọ́ sí i, kí ó kúrò nílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí a béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ kí a wá. Bí wọ́n bá fẹ́, ènìyàn mélòó ni wọ́n lè gbà láìjẹ́ pé wọ́n ń jẹ gbèsè nítorí oúnjẹ wa. Oṣù wo ló wọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ń ṣe tí wọ́n ń fẹ́ ọwọ́ kún. Ta ni nínú wọn tí yóò jẹ́ olórí lé wa lórí ní gbogbo ọjọ́ tí a bá fi wà níbẹ̀. Kí a tún bi wọ́n pé bí a bá lè gba ènìyàn méjì lára wọn lálejò ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣáájú kí àwa tó lọ, kí wọ́n wá wàásù fún wa, kí wọ́n jókòó nínú ìgbìmọ̀ yìí, kí wọ́n sì wo ìwé ètò wa ní ìlà dé ìlà, ṣé wọn yóò gbà? Owó ọkọ̀ ènìyàn méjì yẹn wà nínú àpò wa báyìí. Bí ìdáhùn wọn bá sì jẹ́ pé kí a má tíì wá ní ọdún yìí, pé owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó pàdánù òbí nígbà Èbólà ni wọ́n ń wá, mo fẹ́ kí a ti pinnu lónìí yìí, kí lẹ́tà tó lọ, pé a ó fi ránṣẹ́.